Bátìrì Kì í Gba Èènì

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níhìn-ín ní Kàdúná ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, kí àwọn tó ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ lè rí nǹkan kà. Mo ní ta ni yóò kà á? Wọ́n ní àwọn ni. N kò gbà wọ́n gbọ́. Èmi ń fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, ojú wọn kò sì kúrò lórí fóònù. Fóònù ọ̀hún wà lára iná látìgbà tí a ti ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ títí a fi ṣe ti ìparí, ó sì ń gbóná bí iṣu inú eérú. Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn yọ tirẹ̀. Ó ní, "Baba, ai bai cika ba tukuna," pé kò tíì kún. Ó ti kún! Mo rí i lójú fóònù pé ó ti kún. Ó kàn fẹ́ kó kún ju kíkún lọ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú tí mo fi gba bírò.

Orúkọ mi ni Làmídì. Ungwan Shanu, àdúgbò kan ní Kàdúná níbí, ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ bátìrì ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe: mo ń da ásíìdì sínú bátìrì ọkọ̀, mo ń ṣáájì èyí tó bá kú, mo sì ń sọ fún onímọ́tò bí tirẹ̀ kò bá lè jí mọ́. Bí mo ṣe dénú iṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi mú mi lọ sí àdúgbò Kawo lọ́jọ́ kan, ó fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́, ó yíjú padà, ó lọ. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ló gùn.

Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ọ̀gá mi, èmi sì jẹ́ ọmọ mùsùlùmí. Gbogbo Kawo, títí dórí àwọn awakọ̀ Hausa, Bàbá Díákónì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn gáréèjì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó máa ń yọ̀ǹda mi kí n lọ kírun, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìṣẹ́jú mélòó kan pẹ́, yóò ní, "Làmídì, Ọlọ́run tí ò ń sìn kò ní kó o wá jí àkókò mi." Kò lù mí rí, ṣùgbọ́n àwọn ìgbà kan wà tí mo gbàdúrà pé kó kúkú lù mí kí ọ̀rọ̀ parí.

Ọdún kan gbáko ni n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ṣáájì. Omi gbígbóná ni mo ń gbé, mo ń fi fọ nǹkan funfun tó máa ń hù sórí bátìrì bí iyọ̀. Ásíìdì jẹ aṣọ mi tán, kò sí ṣòkòtò mi kan tí kò ní ihò. Ihò inú aṣọ yẹn ló mú mi mọ ìyàwó mi, Ṣìfáwù, nítorí òun ló ń bá mi lẹ̀ wọ́n. Ó ní nígbà tó yá, òun kò mọ èyí tó jẹ́ aṣọ mọ́ àti èyí tó jẹ́ àlẹ̀mọ́, ó sàn kí òun kúkú fẹ́ mi kí òun lè máa rí wọn kó dànù.

Lọ́dún kejì ni Bàbá Díákónì fi mí jókòó ti bátìrì. Ihò mẹ́fà ni bátìrì ọkọ̀ ní lórí. Bí iná bá ti ń wọ̀ ọ́ tó fẹ́ẹ́ yó, omi inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó kùtùkùtù. Ọ̀gá mi ní kí n sọ ihò tó kọ́kọ́ hó fún òun, kí n sì sọ èyí tó hó kẹ́yìn. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tó bi mí, mo purọ́, mo ní ìkẹta ló ṣáájú. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ó dáa. Lọ́la, wá jókòó tì í padà." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti bátìrì bí ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná. Nígbà tó parí, bí mo bá tilẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, etí mi ń sọ fún mi èyí tó ń hó àti èyí tó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà tí Bàbá Díákónì ń fi parí iṣẹ́. Yóò fa omi inú ihò kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀, torí bí nǹkan yẹn bá ṣe léfòó tó la fi ń mọ bí bátìrì ṣe yó tó. Yóò dúró, yóò tún fà á lẹ́ẹ̀kejì. Bí méjèèjì bá bára mu, yóò yọ wáyà, yóò ní, "Ó tó." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, nítorí èènì. Ní Kàdúná níbí, kò sí ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà tí kò ní èènì. O ra ẹ̀wà, wọ́n bù ú lé e. O ra gààrí, wọ́n bù ú lé e. Àwọn oníbàárà wa kò rí ìyàtọ̀ láàárín gààrí àti iná. Awakọ̀ Kánò kan wà, Malam Garba, tí kì í gbé bátìrì rẹ̀ kúrò nílẹ̀ láìjà.

"Baba, don Allah, ka ƙara min gyara mana." Gyara ni Hausa ń pe èènì.

Hausa ni ọ̀gá mi fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: "Ṣé ẹ̀pà ni mo tà fún ọ ni, Garba? Bátìrì rẹ ti yó. Bí ọmọ bá yó, tí o tún di í nímú tí ò ń rọ ọ́ lẹ́kọ, kí lo fẹ́ fi í ṣe?"

"Haba Baba! Wákàtí kan péré!"

"Gbé e, kó o máa lọ."

Garba gbé e, ó sì gbé e gba ọ̀dọ̀ oníbátìrì mìíràn tó wà ní òdìkejì títì lọ, níbi tí wọ́n ti ń fúnni léènì. Ó dùn mí. Mo rí i pé ọ̀gá mi ń fi agídí lé oníbàárà. Mo sọ ọ́ nínú ara mi pé lọ́jọ́ tí mo bá dá dúró, èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá mi ṣe fìrídọ̀mù fún mi, tó tú mi sílẹ̀, mo lọ sí àdúgbò Kabala Costain. Mo gba ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn méjì, ọ̀kan fún bátìrì, ọ̀kan fún ẹ̀rọ ìránṣọ Ṣìfáwù, kò sí ògiri láàárín wọn. Mo ní kí wọ́n kọ pátákó fún mi: LÀMÍDÌ BÁTÌRÌ, ÈÈNÌ WÀ. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí èrò ṣe wọ́. Ìgbà ọ̀wọ́n epo nìyẹn, láàárín àwọn ọdún náíńtì, tí ọkọ̀ máa ń wà lórí ìlà epo fún ọjọ́ mẹ́ta, tí bátìrì á sì kú síbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Bí bátìrì bá hó, màá fi sílẹ̀ kó máa hó fún wákàtí kan sí i. Oníbàárà á dúró, á máa gbọ́ kùtùkùtù, inú rẹ̀ á dùn. Wọ́n ní Làmídì lawọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni pé omi inú bátìrì ń gbẹ, awẹ́ irin inú rẹ̀ sì ń ṣí sílẹ̀, ó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀. Bátìrì tó yẹ kó lo ọdún mẹ́ta á kú láàárín ọdún kan. Onítọ̀hún á máa ṣépè fún ẹni tó tà á fún un, á sì gbé tuntun wá fún mi kí n tún fún un léènì. Mo mọ̀ ọ́n. Kí n má purọ́ fún yín bí mo ṣe purọ́ fún ọ̀gá mi. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbójú kúrò, nítorí ó wù mí kí wọ́n máa yìn mí.

Bàbá Díákónì gbọ́. Ó gun àṣàbá, bí a ṣe ń pe ọ̀kadà níbí, láti Kawo wá lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó ka pátákó mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyàwó mi gbé omi fún un, ó mu ún. Ó ní, "Làmídì, n kò fi ọ́ jókòó ti bátìrì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lásán. Yọ pátákó yìí." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." N kò yọ ọ́.

Àsìkò ń yí. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Àwọn oní-fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ìlú, kò sí ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó tí wọn kì í gbé kámẹ́rà lọ. Bátìrì kámẹ́rà ìgbà náà tóbi bíi bíríkì ọṣẹ, ó sì ṣòro láti rí ṣájà rẹ̀ bó bá ti jó. Èmi ni mo wá ọgbọ́n sí i. Mo gba iná láti ara ẹ̀rọ ńlá mi, mo ki gílóòbù iwájú ọkọ̀ sáàárín wáyà kí ó máa jẹ díẹ̀ nínú iná náà, mo sì fi èyí tó kù sí bátìrì kékeré. Bí mo bá fọwọ́ kàn án tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ti yó nìyẹn. Màá wá fi ìdajì wákàtí ṣe èènì. Kò sí èyí tó bàjẹ́ lójú mi. Àwọn oní-fídíò ń pè mí ní Dókítà, orí mi sì wú.

Bádé ni oníbàárà mi tó mú èyí tó yàtọ̀ wá. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná ni, ẹnu rẹ̀ dùn, kì í mú nǹkan kan lọ́kùn-únkúndùn àfi kámẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun ló fi kámẹ́rà tuntun ránṣẹ́ sí i, bátìrì rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Iná dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó jó ṣájà náà. Ìgbéyàwó kan sì wà ní Sátidé tí Bádé máa yà. Ìyàwó mi gan-an ló ń rán aṣọ ìyàwó ọ̀hún. Ọjọ́bọ̀ ni Bádé gbé bátìrì wá.

"Bọ̀dá Làmídì, ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà mí. Wallahi, mi ò ní ṣájà."

Mo yí i lọ, mo yí i bọ̀. "Èyí kéré o. Irú kí lèyí?"

"Irú tuntun ni. Litíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Litíọ́ọ̀mù o, kíni o, bátìrì ni bátìrì lójú mi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ, ṣùgbọ́n adìyẹ tó ti gbó nínú iṣẹ́ ni mo ka ara mi sí. Mo so ó mọ́ wáyà mi. Ó ń gba iná dáadáa, gílóòbù ń tàn. Nígbà tó tó bíi wákàtí méjì, gílóòbù kú fíì. Mo yọ wáyà, mo tún un so. Ó tún kú. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò tíì rí bátìrì tó dá ara rẹ̀ dúró. Ti ọkọ̀ á hó, ti kámẹ́rà àtijọ́ á gbóná, èyí kò hó, kò gbóná, ó kàn ní òun kò gbà mọ́.

Mo sọ fún Bádé pé bátìrì rẹ̀ ń kọ iná. Ó figbe ta. "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá! Ìgbéyàwó yẹn máa pẹ́ o! Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ tiẹ̀ fún mi léènì tó pọ̀ dáadáa."

Ìgbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo fi bíléèdì la páálí ara bátìrì náà. Mo bá awẹ́ aláwọ̀ ewé kékeré kan nínú rẹ̀, tó fẹ́lẹ́ bí èékánná, tí iná gbọ́dọ̀ gba ara rẹ̀ kọjá. Inú mi dùn. Mo ní ọ̀daràn rèé, òun ló ń dí iná lọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì mọ ohun tí a ń pè ní dáírẹ́ẹ̀tì: ohun tó bá ń ṣe wàhálà nínú ọkọ̀, a ó fò ó, a ó fi wáyà so ti iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn. Bí gbogbo wa ṣe ń fi ṣakọ nìyẹn. Mo gé awẹ́ náà kúrò, mo ṣe dáírẹ́ẹ̀tì. Gílóòbù mi tàn! Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì pe Ìyá Ràlíátù, bí mo ṣe ń pe ìyàwó mi, pé kó wá wo ọgbọ́n ọkọ rẹ̀.

Ó wò ó. Ó ní, "Bàbá Ràlíátù, ẹni tó ṣe bátìrì yìí kò lè ṣàdédé fi nǹkan yẹn síbẹ̀ o."

Mo ní, "Ìwọ rán aṣọ rẹ."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà.

Tábìlì mi kún fún bátìrì ọkọ̀, n kò sì fẹ́ kí ásíìdì kán sí nǹkan oníbàárà, ni mo bá gbé bátìrì kékeré náà sí ìpẹ̀kun tábìlì tí ìyàwó mi fi ń gé aṣọ. Àkókò Jímọ̀ ti tó. Mo ṣe àlùwàlá, mo sì sọ fún un pé, "Bó bá ń gbóná, má dà á láàmú. Èènì ló ń gbà." Mo lọ.

Lẹ́yìn ìrun, mo rọra ń rìn bọ̀ ni. Mo tilẹ̀ dúró kí ẹnì kan, a ń sọ̀rọ̀ epo àti ìlú tó le. Nígbà tí mo yọ sí ojú ọ̀nà, mo rí èrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo rí èéfín. Mo sáré.

Ohun tí ìyàwó mi sọ fún mi lẹ́yìn náà nìyí. Bátìrì náà gbóná, ó fi sílẹ̀, nítorí mo ní kó fi sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Òórùn kan bíi ti nǹkan tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣì fi sílẹ̀. Ó wá ń súfèé, aṣọ funfun ìyàwó tuntun sì wà ní kíkọ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní òun rò ó pé bí aṣọ yẹn bá jó, ọmọ ẹlòmíràn kò ní ní ohun tí yóò wọ̀ lọ́la. Ó fa wáyà já, ó gbá a mú ní ọwọ́ ọ̀tún, ó fẹ́ jù ú síta. Kò dé ẹnu ọ̀nà tó fi bú gbàù sí i lọ́wọ́.

Iná ọ̀hún kì í ṣe iná tí a mọ̀. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó kú, ó tún jí. Àwọn èrò kò sì jẹ́ kí n rímú mí. Ẹnì kan gbé ẹyin tútù wá, ẹnì kan gbé ọṣẹ ìfọyín, ẹnì kan ní kí a wá kẹrosíìnì. Kẹrosíìnì! Lára ẹni tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó! Obìnrin kan tó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé ló lé gbogbo wọn, ó mú ọwọ́ ìyàwó mi, ó ń da omi mímọ́ sí i léraléra láìdúró. Ọlọ́run yóò san án fún un. A gbé e gun àṣàbá, ó di ọsibítù.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní bátìrì. Ó ní ti ọkọ̀? Mo fi ìka hàn án bó ṣe kéré tó, ó wò mí bí ẹni tó ń wo òpùrọ́. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ló jó jù. Mo bi í pé ṣé yóò lè ránṣọ? Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ọwọ́ náà là ná." Ìyàwó mi gbọ́ ọ. Ó yí ojú sí ògiri. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá ni ó ti ń ránṣọ, kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju ìgbà tí wọ́n gbé òkú bàbá mi jáde lọ.

Aṣọ ìyàwó tuntun kò jó. Ìgbéyàwó wáyé, Bádé yá kámẹ́rà ẹlòmíràn lò. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kó tó wá kí wa. Mo rò pé ó wá bá wa kẹ́dùn ni. Ó jókòó, ó kí Ṣìfáwù pẹ̀lẹ́, ó họ orí, ó wá ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, bátìrì mi yẹn, ṣé nǹkan kan ṣẹ́ kù nínú rẹ̀?" Bí kì í bá ṣe pé ọsibítù la wà, ẹnu mi ì bá ti sọ ohun tí àdúrà kò lè fọ̀.

Bàbá Díákónì náà wá. Ó ti darúgbó gan-an nígbà náà. Kò kí mi. Ó jókòó ti Ṣìfáwù, ó gbàdúrà fún un ní orúkọ Jésù, ìyàwó mi sì ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló ní kí n mú òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi igi tú eérú bátìrì náà wò. Ó rí awẹ́ aláwọ̀ ewé tí mo gé, ó wà lórí tábìlì mi níbi tí mo jù ú sí.

"Kí ni èyí?"

"Òun ló ń dí iná lọ́nà nínú rẹ̀, sà."

"Ìgbà wo ló ń dí i?"

"Bó bá ti gbà fún bíi wákàtí méjì, sà."

Ó mú un dání. Ó ní, "Làmídì, wọ́n fi ẹni tó ń sọ pé ó tó sínú bátìrì yìí. O gé e kúrò." Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó lọ wọ àṣàbá rẹ̀. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, n kò sì bìkítà ẹni tó ń wò mí.

Mo tọ̀ ọ́ lọ sí Kawo lẹ́yìn oṣù kan, mo ní kí ó kọ́ mi ní bátìrì tuntun. Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gbé e wá fún mi, mo ń dá a padà." Àgbàlagbà tó mọ ohun gbogbo nípa bátìrì ọkọ̀, kò tì í lójú láti sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo kéré sí i ni ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ ọ́ fún Bádé.

Ìwé tó bá kámẹ́rà náà wá láti òkè òkun ló là mí lójú. Ó wà nínú páálí látìgbà tó ti dé, Bádé kò ṣí i rí. Mo bẹ ọmọ ilé ìwé gíga kan, ó kà á fún mi ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán: má ṣí i, má lo ṣájà mìíràn, má ṣe jẹ́ kó gbà ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ náà wá ṣàlàyé fún mi pé litíọ́ọ̀mù kò dà bíi bátìrì ọkọ̀. Ti ọkọ̀, bó bá gba àgbàjù, á máa tú u síta bí omi híhó. Litíọ́ọ̀mù kò ní ibi tí yóò tú u sí. Bó bá ti fi díẹ̀ ré kọjá ààlà rẹ̀, inú rẹ̀ á máa gbóná fúnra rẹ̀, ooru náà á tún máa bí ooru, bí o bá tilẹ̀ ti yọ wáyà, kò ní dúró mọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìwé yẹn wà ní Kàdúná nígbà tí mo ń fi bíléèdì la bátìrì.

Mo fi ọwọ́ ara mi já pátákó mi, mo fi dáná. Láti ọjọ́ náà, bí bátìrì bá ti yó, màá yọ ọ́. Àwọn oníbàárà bínú. Wọ́n ní Làmídì ti ya ahun, ìyàwó rẹ̀ tí iná jó ló dà á lórí rú. Ìdajì wọn lọ. Mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn lọ́nà. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo tó kọ́ nípa litíọ́ọ̀mù dáadáa, mo sì ra ṣájà tó yẹ ẹ́, mo sì ń lé ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n ṣe dáírẹ́ẹ̀tì síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, bó bá wù yín kí ẹ ṣe iṣẹ́ bátìrì, ẹ ṣe é. Iṣẹ́ gidi ni, ó bọ́ mi, ó bọ́ ọmọ mi mẹ́rin. Ní báyìí tí litíọ́ọ̀mù wà nínú gbogbo nǹkan, nínú fóònù, nínú tọ́ọ̀ṣì, nínú sólà orí òrùlé, iṣẹ́ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ ń ṣe kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Mo rí yín tí ẹ ń ki fóònù tó ń ṣáájì sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo rí ẹni tí bátìrì fóònù rẹ̀ wú títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ṣí, ó fi rọ́bà dì í, ó tún kì í mọ́ iná. Mo rí ẹni tó fi abẹ́rẹ́ gún un kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Afẹ́fẹ́ wo? Bó bá ti wú, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ gbé e jìnnà sí ohun tó lè jó, ẹ má sì dì í mọ́wọ́. Bó bá ti kún, ẹ yọ ọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ẹnu mi ti bó lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọwọ́ ìyàwó mi kò kú, àmọ́ kò padà sí bó ṣe wà. Oṣù márùn-ún ni a fi ń lọ, tí a ń bọ̀, wọ́n ń fà á ní ìka kí ó lè nà. Àwọn ìka mẹ́ta yẹn ká kò, wọn kò lè di nǹkan wẹ́wẹ́ mú mọ́. Lọ́jọ́ tó padà sí ẹ̀rọ rẹ̀, mo dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti aṣọ wọ abẹ́ irin, ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ lọ. Àmọ́ òwú kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Ó gbìyànjú rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ó gbìyànjú rẹ̀ ní ọwọ́ òsì, ó fi itọ́ ṣù ú, ó tún un ṣe. N kò lè sún mọ́ ọn. Ó pẹ́ gan-an. Níkẹyìn, láìbojú wẹ̀yìn, ó na òwú náà sẹ́yìn sí mi.

"Bàbá Ràlíátù, ẹ wá bá mi kì í."

Láti ọjọ́ náà, kò rán mi létí rí pé mo ní kó rán aṣọ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń bá a ki òwú. Ràlíátù, ọmọ wa, ra ẹ̀rọ tuntun fún un, irú èyí tó ń ki òwú fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́, ó sì gbé e fún ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán. Ó ní èyí tó wà nílé ń ṣiṣẹ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ bátìrì, mo ti kó ẹ̀rọ mi fún ẹlòmíràn. Ojú mi ti di bàìbàì, awò ni mo fi ń wá ihò abẹ́rẹ́ báyìí, ó sì máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin kí òwú tó wọlé. Ìyá Ràlíátù kì í kanra. Ó kàn ń sún sẹ́yìn díẹ̀ lórí àga rẹ̀, á gbé ọwọ́ yẹn lé ẹsẹ̀, á máa dúró dè mí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí n kò tíì gba fìrídọ̀mù rẹ̀ nìyẹn.